Ríra ilẹ̀ oko ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: ká mọ ilẹ̀, ká mọ onílẹ̀, kí owó tó jáde

Ohun méjì ló sábà ń sọ owó ilẹ̀ oko di òfò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ náà kò bá ohun tí ẹ fẹ́ gbìn mu. Èkejì ni pé ẹni tó gba owó kò láṣẹ láti dá ilẹ̀ náà tà. Èkejì ló ń gbé èèyàn dé kóòtù, àkọ́kọ́ ló sì ń pa oko láìpariwo. Bí iṣẹ́ yìí ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra nìyí: ohun ọ̀gbìn, agbègbè, ìwọ̀n, erùpẹ̀, omi àti ọ̀nà, àwọn onílẹ̀, ìwé, lẹ́yìn náà ni owó. Alágbàtà tó bá ní kí ẹ san nǹkan "kí ilẹ̀ má bàa bọ́" nígbà tí ẹ kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ oko ṣì wà ní Ọ̀yọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mú agbègbè

Kò sí ohun tó ń jẹ́ "ilẹ̀ Ọ̀yọ́" lásán lójú àgbẹ̀. Láti Ìdí-Ayunrẹ́ ní Olúyọ̀lé lọ sí Ọ̀nà-Àrà àti Ẹgbẹ́dá, igbó ni. Òjò Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ ń tó nǹkan bí 1,200 sí 1,300 mílímítà lọ́dún. Ó máa ń dé ní oṣù Kẹta, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì ń padà wá títí di òpin oṣù Kẹwàá. Kòkó, obì, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ ló nílé níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, fi fìdí kalẹ̀ sí Ìdí-Ayunrẹ́. Ibẹ̀ náà ló dáa fún olóko adìyẹ, torí ẹni tó máa ra ẹyin wà nítòsí. Àmọ́ ìlú Ìbàdàn ń tẹ̀ síwájú wọ inú oko wọ̀nyí. Owó ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń di owó ilẹ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ kòkó kò lè pa owó ilẹ̀ ilé wọlé.

Ìbàràpá, ìyẹn Ẹ̀rúwà, Lánlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn, ni igbó ti ń di ọ̀dàn. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti ata ló gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá tètè gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ lè tún gbin ti ẹ̀ẹ̀kejì kí òjò tó lọ.

Ní Ogbomọ̀ṣọ́ àti apá Ọ̀yọ́, kaṣú àti máńgòrò ń ṣe dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo.

Òkè-Ògùn ló tóbi jù. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ nínú 33 tí ìpínlẹ̀ ní, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, Kíṣí àti Ìgbòho. Ọ̀dàn ni: iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, sọ́yà, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, kaṣú, igi irúgbá àti igi ẹmì tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ 50 hẹ́kítà ti lè rí i lójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ gùn. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ilẹ̀ lè má rí òjò gidi kankan. Kòkó kì í fara da ọ̀dá tó bá ju oṣù mẹ́ta lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta "ilẹ̀ kòkó" fún yín lágbègbè Ṣakí kò mọ kòkó, tàbí kó jẹ́ pé ó rò pé ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo ibi tí ẹrù yín ń lọ. Ata àti tòmátì tó ń lọ sí ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn kò lè sùn méjì lójú ọ̀nà. Iṣu àti àgbàdo gbígbẹ tó ń lọ sí Bódìjà lè dúró. Ọ̀nà Mọníyà sí Ìṣẹ́yìn, 65 kìlómítà, tí wọ́n ti tún ṣe, ti mú Ìṣẹ́yìn sún mọ́ Ìbàdàn ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Oko tó wà ní kìlómítà 15 sínú igbó lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀dà ṣì jìnnà síbẹ̀síbẹ̀, kódà bí ọ̀nà ọ̀dà náà bá dán.

Éékà mélòó, irú éékà wo?

Ẹ fi iye igi tàbí ebè wá iye ilẹ̀. Kòkó tí a gbìn ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta jẹ́ 1,111 igi nínú hẹ́kítà kan. Ọ̀pẹ ní mítà mẹ́sàn-án, tí a tò ní onígun mẹ́ta, jẹ́ 143. Kaṣú ní mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá jẹ́ 100. Ẹ̀gẹ́ tàbí ebè iṣu ní mítà kan sí mítà kan jẹ́ 10,000. Tí ẹ bá mọ iye tí ẹ lè fi owó yín tọ́jú fún ọdún méjì, ìwọ̀n ilẹ̀ tí ẹ nílò á jáde fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ kò bá lè ro, ẹlòmíràn á ro ó fún yín, orí rẹ̀ ni ìjà sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun, ìyẹn 100 mítà sí 100 mítà. Éékà kan jẹ́ 4,047 mítà onígun, bí ilẹ̀ tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí mítà 63 àti ààbọ̀. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń sọ pé "púlọ́ọ̀tì mẹ́fà ni éékà kan." Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120: mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 4,013 mítà onígun, ó sì sún mọ́ éékà gan-an. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 wà, mẹ́fà irú rẹ̀ kò ju 2,787 lọ. Ẹni tó ra éékà mẹ́wàá pẹ̀lú ìṣirò yìí, nǹkan bí éékà méje ló rí gbà. Nítorí náà, mítà onígun tàbí hẹ́kítà ni kí ẹ fi dúnàádúrà, kí ìwé sì gbé e bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba okùn tí onílẹ̀ fi ń wọn ilẹ̀, ẹ má sì gba "láti ìdí igi yìí dé etí odò" gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n.

Ẹ gbẹ́ ihò

Èyí ni ohun tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ kì í sábà ṣe, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ẹ mú ṣọ́bìrì àti dígà, kí ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà kan, tó fẹ̀ tó kí èèyàn dúró sínú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ọ̀kan sórí òkè, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ń lọ sí odò, torí lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, erùpẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè yàtọ̀ síra pátápátá.

Ẹ wo ògiri ihò náà láti òkè sísàlẹ̀. Ilẹ̀dú tó wà lókè, báwo ló ṣe nípọn tó? Tí kò bá tó ìka mẹ́rin, wọ́n ti ro ilẹ̀ náà títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, níbo ni taàrá ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yíká Ìbàdàn ní ìpele òkúta wẹ́wẹ́ tó wà ní 20 sí 60 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀. Tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, iṣu á wọ́, ẹ̀gẹ́ á kúrú, àgbàdo nìkan ni kò ní kà á sí. Tí ṣọ́bìrì bá kan yangí tó le tí kò ṣeé gún, ẹ má gbin igi tó ń ta gbòǹgbò jinlẹ̀ síbẹ̀. Kòkó ń fẹ́ nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ láìsí ìdíwọ́.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ pupa tàbí pupa rúsúrúsú tó dọ́gba ń gba omi kọjá. Tí ẹ bá rí àwọ̀ eérú tó ní àbàwọ́n pupa káàkiri inú rẹ̀, omi ń dúró síbẹ̀ nígbà òjò, bó tiẹ̀ gbẹ fọ́ọ́fọ́ lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ẹ da omi kún ihò náà kí ẹ tó lọ. Tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àkùrọ̀ ni ẹ ń rà. Àkùrọ̀ dáa fún ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì, kò dáa fún kaṣú.

Àwọn onímọ̀ erùpẹ̀ ti fún àwọn ilẹ̀ àyíká wa lórúkọ ìlú wa. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá ní amọ̀ nínú, ó ń di ọ̀rinrin mú, kòkó fẹ́ràn rẹ̀. Ilẹ̀ Ìwó gbẹ ju ìyẹn lọ, ó sì ní òkúta wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ Àpòmù ló wà ní ìsàlẹ̀ òkè: yanrìn ni, ó rọrùn láti kọ ebè sí, ẹ̀gẹ́ àti iṣu ń wọlẹ̀ dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n òjò tètè ń gbé ajílẹ̀ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Jàgó ni ti etí odò. Ẹ béèrè orúkọ yìí lọ́wọ́ ẹni tó bá yẹ erùpẹ̀ wò fún yín.

Láti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ẹ mú erùpẹ̀ láti ojú ibi 15 sí 20 lórí hẹ́kítà kan, láti òkè dé 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì ike tó mọ́, ẹ pò ó pọ̀, ẹ bu nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá tuntun. Ẹ má lo àpò ajílẹ̀, torí ìyókù ajílẹ̀ inú rẹ̀ á ba àbájáde jẹ́. Ẹ má sì mú nínú ibi tí wọ́n ti sun igbó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ méjì ní Ìbàdàn, IAR&T ní Moor Plantation àti IITA lọ́nà Ọ̀jọ̀ọ́, ní yàrá àyẹ̀wò erùpẹ̀. Tí pH, òṣùwọ̀n bí erùpẹ̀ ṣe kan tó, bá wà láàárín 5.5 sí 6.5, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn á ṣe. Tó bá kéré sí 5, ilẹ̀ ti kan jù, ẹ fi owó ẹfun oko tó ń dín ìkan náà kù kún owó ilẹ̀.

Ẹ wo koríko náà. Ewé Akíntọ́lá tó ti nípọn, tí igi rẹ̀ ti le, ń fi hàn pé ilẹ̀ ti sinmi. Tó bá jẹ́ ẹ̀kan ló bo ilẹ̀ lọ súà, wọ́n ti ro ó jù, wọ́n sì ń sun ún lọ́dọọdún. Gbòǹgbò ẹ̀kan tó mú ṣóńṣó máa ń gún iṣu àti ẹ̀gẹ́, kò sì ní tán ní àsìkò kan. Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n kí ẹ dín owó kù.

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì: nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ lọ ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta láti wo omi. Odò tó ń ṣàn ní oṣù Kẹsàn-án lè di yanrìn ní oṣù Kejì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé níbi tí wọ́n ti ń pọnmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ló mọ̀ ọ́n jù. Tí ìdáhùn bá jẹ́ kìlómítà méjì, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà á pọn ọ́n. Kànga ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí a ń gbẹ́ níbikíbi. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yìí wà, inú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń fara pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ilẹ̀ fi ẹ̀rọ wá a kí ẹ tó san owó gbígbẹ́.

Ẹ padà lọ ní oṣù Kẹsàn-án láti wo ọ̀nà. Ẹ gbé irú ọkọ̀ tó máa kó ẹrù yín, ẹ má gbé ọ̀kadà. Níbi tí ọkọ̀ bá rì sí lọ́jọ́ náà ni àgbàdo yín á sùn sí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni kí ẹ wo ojú ẹsẹ̀ màlúù àti ìgbẹ́ wọn. Òfin ìpínlẹ̀ ti ka jíjẹ̀ màlúù ní gbangba léèwọ̀ láti 2019, síbẹ̀ ìjà lórí èyí ti le gan-an ní apá Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn. Tí ojú ọ̀nà màlúù bá gba àárín ilẹ̀ náà, ẹ̀gẹ́ tó máa sùn nínú ilẹ̀ di oṣù Kejì wà nínú ewu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko nítòsí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oko wọn lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, kí ẹ sì wo ọ̀kánkán ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Ta ló ni ín?

Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko wa. Àwọn kóòtù Nàìjíríà ti fi èyí múlẹ̀ tipẹ́: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí yòókù fọwọ́ sí i, àwọn tó kù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Bí olórí ẹbí bá tà á bí ẹni pé ohun ìní tirẹ̀ nìkan ni, ìyẹn náà kò wáyé. Nítorí náà, iṣẹ́ yín ni láti mọ ẹbí náà tọmọtọmọ.

Ẹ béèrè orúkọ baba ńlá tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, àti bó ṣe rí i: ṣé ó gé igbó ni, ṣé ọba tàbí baálẹ̀ ló fún un, ṣé ó rà á ni. Lẹ́yìn náà, ìyàwó mélòó ló ní? Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní aṣojú tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ jókòó, kí ẹ ya á sórí bébà: baba lókè, ìyàwó lábẹ́ rẹ̀, ọmọ lábẹ́ ìyàwó, orúkọ aṣojú lábẹ́ ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Tí ìdí-igi kan bá ṣófo, ẹ má tẹ̀ síwájú. Ẹ máa gbọ́ pé "àwọn yẹn kò bímọ ọkùnrin" tàbí "obìnrin ni, ó ti lọ sílé ọkọ." Ọmọ obìnrin ní ìpín nínú ilẹ̀ baba rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá àti lójú kóòtù. Ẹbí tí wọ́n fo obìnrin wọn dá ni ẹbí tí ọmọ obìnrin náà ń bọ̀ wá gbà á padà, lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti gbin kaṣú ọdún mẹ́jọ.

Ní Ìbàdàn, ẹ béèrè Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé. Tí oyè Mọ́gàjí bá ń fa wàhálà láàárín ẹni méjì nínú agbo ilé kan náà, ẹ dúró kí wọ́n parí rẹ̀. Ní abúlé, ẹ lọ kí baálẹ̀, ẹ má bá alágbàtà nìkan lọ. Baálẹ̀ lè má ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ni ín, ó sì mọ ẹni tó ti ta á lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ẹni tí ẹ bá bá tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ayálẹ̀dáko ń fún onílẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á, bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìran wọn ti ń dáko níbẹ̀ láti ayé baba baba wọn, ìrísí ilẹ̀ yóò sì fi hàn bí ẹni pé tiwọn ni. Ìbéèrè tó ń tú u fó ni èyí: "Ṣé ẹ lè gbin kòkó tàbí kaṣú síbí láìsọ fún ẹnikẹ́ni?" Ayálẹ̀dáko kì í gbin igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ láìgba àṣẹ. Tó bá dárúkọ ẹni tó máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, onílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ rìn ààlà náà pẹ̀lú àwọn tó bá a pààlà ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe pẹ̀lú ẹni tó ń tà á nìkan. Ẹ wá pèrègún, òun ni àwọn àgbà sábà fi ń sàmì ààlà. Ẹ wò ó bóyá pèrègún náà ti dàgbà tàbí tuntun ni. Kí alábàápààlà kọ̀ọ̀kan sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹ gba fídíò rẹ̀ sórí fóònù.

Ẹ lọ wádìí ní kóòtù gíga tó súnmọ́ ibẹ̀ àti ní kóòtù ìbílẹ̀ bóyá ẹjọ́ kan wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó ra ilẹ̀ tó wà ní kóòtù ra ẹjọ́ mọ́ ọn.

Awọnlẹ̀ àti àwọn ilẹ̀ ìjọba

Ẹ mú awọnlẹ̀ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ẹ̀yin fúnra yín wá, kí ó kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà kí ó sì gbé nọ́ḿbà igun rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Wọ́n á gbé e lé máàpù láti wò ó bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tàbí orí ìwé sọ́fè (àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà) ẹlòmíràn. Ẹ má fi nọ́ḿbà tí fóònù yín ń fi hàn ṣe iṣẹ́ yìí. Fóònù ń lo ìlànà WGS84, ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ wa sì wà lórí ìlànà Minna, ìyàtọ̀ méjèèjì sì sún mọ́ 100 mítà níhìn-ín. Pẹ̀lú àṣìṣe 100 mítà, ẹ lè wo ilẹ̀ aládùúgbò kí ẹ sì rò pé tiyín ló mọ́.

Ohun tó ń mú èèyàn jù ni igbó ìjọba. Gambari, Olókemèjì, Ìjàyè àti Ọ̀pàrà jẹ́ igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Àwọn èèyàn ń dáko nínú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n kọ́ abúlé síbẹ̀, wọ́n sì ń ta ilẹ̀ ibẹ̀. Ìwé ẹbí kankan kò lè gbà yín sílẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹ tún wo ojú ọ̀nà wáyà iná gíga, àyíká ìsédò bí èyí tó wà ní Ìkẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, àti ọ̀nà tuntun tó yí Ìbàdàn ká. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo èèyàn, abala 29 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní owó ilé, igi àti ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀ ni wọ́n ń san, kì í ṣe iye tí ẹ ra ilẹ̀.

Lórí ìwé sọ́fè tí wọ́n bá fún yín, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ilẹ̀, ìwọ̀n ìhà kọ̀ọ̀kan, nọ́ḿbà òpó kọ́ńkéré igun kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ àti òǹtẹ̀ awọnlẹ̀. Ẹ gbé ìwé náà lọ sórí ilẹ̀, kí ẹ wá òpó kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ḿbà ara rẹ̀ bá ti ìwé mu. Ẹ béèrè ẹ̀rí pé awọnlẹ̀ ti fi kọ́pì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Surveyor-General. Láìsí ìyẹn, bébà aláràbarà lásán ni.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ilẹ̀ tí kò sí lágbègbè ìlú ńlá wà lábẹ́ àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ oko tí kò ju 500 hẹ́kítà lọ, tàbí 5,000 fún ẹran jíjẹ̀. Ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fẹ́ àṣẹ gómìnà. Abala 21 ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà láìsí ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀. Abala 22 ní ti ẹ̀tọ́ tí gómìnà fúnni ń fẹ́ ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 36 sì ka gígé ilẹ̀ oko ìgbèríko sí púlọ́ọ̀tì tà léèwọ̀. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé kí ẹ ní lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà ẹbí, kí ó gba ìyọ̀ǹda tó yẹ kí ìwé tó parí. Tí wọ́n bá fi C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí, hàn yín, ẹ lọ wò ó ní ilé-iṣẹ́ ilẹ̀, kí ẹ má wo fọ́tò rẹ̀ lásán.

Owó àti ìwé ìtajà

Nínú owó tí ẹ ní, ẹ yọ owó awọnlẹ̀, owó lọ́yà, ti alágbàtà àti owó òǹtẹ̀ ìjọba (stamp duty) sọ́tọ̀ kí ẹ tó dárúkọ iye fún onílẹ̀. Alágbàtà àti lọ́yà ń béèrè ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Kí ẹbí sọ gbogbo owó ìbílẹ̀ tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọn kò kọ, wọ́n máa tún wá gbà á lọ́jọ́ tí ẹ bá mú katakátá wá.

Ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, sí àkáǹtì tí ẹbí fọwọ́ sí nínú ìwé. Ẹ má kó owó sínú ọ̀rá. Ẹ pín in: díẹ̀ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí àdéhùn, púpọ̀ nígbà tí gbogbo ìdí-igi bá fọwọ́ sí ìwé ìtajà, ìyókù nígbà tí wọ́n bá fi ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ ìfọwọ́sí, kí lọ́yà ka ìwé náà ní Yorùbá fún àwọn tí kò mọ̀wé kà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti túmọ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá tẹ̀ka tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Òfin wà tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Ìwé tí wọn kò túmọ̀ fún wọn lè wó lulẹ̀ ní kóòtù. Ẹ ya fọ́tò.

Kí ìwé dárúkọ ohun tó wà lórí ilẹ̀: ọ̀pẹ mélòó, igi irúgbá mélòó, igi gẹdú mélòó, àti pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹbí á ṣì máa wá kó ẹyìn àti irúgbá lọ, wọ́n á sì sọ pé ilẹ̀ làwọn tà, àwọn kò ta igi. Kí ìwé náà sọ pé ẹbí á dúró tì yín bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín jà lórí ilẹ̀, wọ́n á sì dá owó padà bí ó bá já sí pé kì í ṣe tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ san owó òǹtẹ̀, kí ẹ forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ń bá yín ra ilẹ̀: orúkọ tiyín ni kó wà lórí ìwé sọ́fè àti ìwé ìtajà, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ẹ rán. Bí ẹ bá fẹ́ kó fọwọ́ sí nǹkan nípò yín, ẹ fún un ní ìwé àṣẹ tí nótárì ibi tí ẹ wà ti fòǹtẹ̀ lù, tó sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kí lọ́yà máa fún ẹ̀yin fúnra yín lábọ̀. Èyí kì í ṣe àìfọkàntán. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣì jókòó pọ̀ jẹun.

Ọdún àkọ́kọ́

Ẹ wọ ilẹ̀ náà kíákíá. Ilẹ̀ tó wà láìlẹ́nìkan lórí fún ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń tún tà. Ẹ gbin pèrègún sójú ààlà láàárín òpó kọ́ńkéré, tàbí ìlà kaṣú. Ẹ ro ààlà náà ní oṣù Kọkànlá, kí ó fẹ̀ tó mítà márùn-ún sí mẹ́wàá, torí iná ọ̀yẹ́ tí ẹlòmíràn dá ló ń jó oko kaṣú ní Òkè-Ògùn jù.

Bí àgbẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ má lé e lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ẹ ka ohun tó gbìn pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú baálẹ̀. Àgbàdo rẹ̀ á ti kúrò láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹ̀gẹ́ lè gba oṣù méjìlá sí 18, ẹ jẹ́ kó wà á. Igi tó fi àṣẹ gbìn, ẹ jọ ṣe àdéhùn iye tí ẹ máa san lé e. Púpọ̀ nínú irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló di olùṣọ́ oko tó dára jù fún ẹni tó rà á, nítorí ó mọ ibi tí omi ń gbà, ó mọ ibi tí àfè ń gbẹ́hò sí, ó sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá. Bó bá gbà láti dúró, ẹ kọ éékà tó máa dá, iye ọdún, àti ohun tó máa fún yín lọ́dọọdún, kí ó tẹ̀ka sí i, kí baálẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.